Ṣé kí n máa mú ọ̀bẹ dání ni, Mọ́mì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mọ́mì. Ẹni ọdún 24 ni mí. Mo ń bá wọn tajà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkẹjà, agogo mẹ́jọ alẹ́ ni a sì máa ń tilẹ̀kùn kí n tó wọkọ̀ lọ sí Ìyànà-Ìpájá. Lóṣù tó kọjá, ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kó sọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ one chance. Wọ́n gba fóònù rẹ̀, wọ́n sì tì í bọ́ sílẹ̀ lórí eré. Láti ìgbà náà ni àyà mi ti ń já. Ẹ̀gbọ́n mi fún mi ní ọ̀bẹ kékeré pé kí n máa fi sínú báàgì, ọ̀rẹ́ mi sì ní kí n lọ kọ́ kàrátè. Èwo ni kí n ṣe?
Olùkàwé yín, Èkó.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, bá mi kí ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ náà, Ọlọ́run yóò fún un ní àlàáfíà. Yọ ọ̀bẹ yẹn kúrò nínú báàgì lónìí. Bí èèyàn mẹ́ta bá há ọ mọ́ àárín lórí ìjókòó ẹ̀yìn, ọwọ́ wọn ni yóò bọ́ sí. Kàrátè dára fún ara, n kò ní kí o má kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ìjà tí mo fẹ́ kí o jà gbọ́dọ̀ ti parí kí o tó gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀.

Orúkọ tí a ń pe àwọn olè wọ̀nyí ti tú àṣírí wọn. “Ó ku ẹnì kan!” ni ẹni tó ń pèrò máa ń ké, kí o lè rò pé ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, kí o sì sáré wọlé kí ẹlòmíràn tó gba àyè náà, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ti jókòó síbẹ̀ kì í ṣe èrò, ẹgbẹ́ kan náà ni gbogbo wọn. Ìkánjú ni ọjà tí wọ́n ń tà. Nítorí náà, yọ íápíìsì kúrò létí, torí ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ojú tiwa ló ń wo fóònù ní ibùdókọ̀. Bẹ inú ọkọ̀ wò. Bí ẹnì kan bá sọ̀ kalẹ̀ pé òun kò ní pẹ́ bọ́ọ́lẹ̀, kí o wọ àárín, jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Òótọ́ ni pé èrò gidi náà a máa ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ kí ọkọ̀ gidi mẹ́wàá fò ọ́ sàn ju kí o wọ ẹyọ kan tí kì í ṣe gidi. Wo ara ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pẹ̀lú: bí ohun tí a fi ń ṣí i láti inú kò bá sí níbẹ̀, má wọ̀ ọ́.

Inú gáréèjì ni kí o ti máa wọkọ̀, níbi tí àwọn awakọ̀ ti mọ ara wọn, tàbí kí o to sórí ìlà bọ́ọ̀sì BRT tó ń ná Òṣòdì sí Abúlé-Ẹ̀gbá láti ọdún 2020, tó sì ń gba Ìyànà-Ìpájá kọjá. Ìlà náà a máa sú èèyàn, èmi náà ti ráhùn níbẹ̀.

Ní ti fóònù, síìmù ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Wọn a yọ ọ́ bọ fóònù mìíràn, wọn a sì fi nọ́ńbà rẹ wá ọ̀nà dé inú àkáǹtì rẹ. Fi PIN ti síìmù náà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ bi iléeṣẹ́ tó ni ín léèrè PIN tó bá a wá, nítorí bí o bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yóò tì pa. Kọ nọ́ńbà tí báńkì rẹ fi ń ti àkáǹtì sínú ìwé, kí o fi sílé.

Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ pé o ti wà nínú ọkọ̀ wọn, gbé ohun tí wọ́n bá béèrè fún wọn, má jà. Lẹ́yìn náà, 112 tàbí 767 ni kí o pè ní Èkó.

Ẹ̀gbọ́n rẹ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kí ó máa gbé ìpè rẹ ní alaalẹ́, kí ó kọ nọ́ńbà ọkọ̀ tí o bá kà fún un sílẹ̀, kí o sì jẹ́ kí awakọ̀ gbọ́ bí o ti ń kà á. Ọ̀bẹ rẹ̀, kí ó gbà á padà sí ilé ìdáná.