Ẹ Bi Wá: Ẹ̀yìn ni John Charles ń gbá ni, àbí iwájú?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ránṣọ ní Kétu gbé àwòrán àtijọ́ kan kọ́ sókè ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ti ọkùnrin sígbọnlẹ̀ kan tó wọ aṣọ dúdú-òun-funfun Juventus. Ó ní John Charles, ọmọ ilẹ̀ Wales, ni. Pé ẹ̀yìn ló ń gbá, àti pé kò gba káàdì rí. Iwájú ni èmi gbọ́ pé ó ń gbá, ọ̀rọ̀ káàdì yẹn sì jọ irọ́ létí mi. Ta ló jàre?

ÌDÁHÙN: Ní ti ẹ̀yìn àti iwájú, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre. Swansea ni wọ́n ti bí John Charles lọ́dún 1931, àárín ẹ̀yìn ló sì wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù fún Leeds United lọ́dún 1949. Nígbà tí wọ́n tì í síwájú, ó gbá góòlù 42 wọlé ní líìgì sáà 1953 sí 1954, kò sì sí ọmọ Leeds tó tíì kọjá iye yẹn ní sáà kan.

Lọ́dún 1957, Juventus san 65,000 pọ́n-ùn lórí rẹ̀. Nígbà náà, òfin kò jẹ́ kí agbábọ́ọ̀lù kankan ní England gbà ju iye kan pàtó lọ lọ́sẹ̀, nítorí náà kò yani lẹ́nu pé ó lọ. Góòlù 28 ló gbá wọlé ní sáà àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì bá wọn gba líìgì Ítálì. Bí wọ́n bá ti ń léwájú, wọ́n a tún fà á padà wá sẹ́yìn kó wá ṣọ́ ilé.

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ káàdì, àmọ́ ẹ̀gbọ́n yín kò sọ ọ́ tán: Ife Àgbáyé 1970 ni wọ́n ti kọ́kọ́ lo káàdì. Inú ìwé ni rẹfirí máa ń kọ orúkọ ẹni tó bá ṣẹ̀ sí láyé John Charles, orúkọ tirẹ̀ kò sì wọ ibẹ̀ rí. Ìdí nìyí tí àwọn ará Ítálì fi sọ ọ́ ní Òmìrán Onínúure.

Ohun tó dùn mí jù ni Ife Àgbáyé 1958 ní Sweden. Wales fi góòlù méjì sí ẹyọ kan na Hungary, àmọ́ wọ́n ta John Charles nípàá nínú ìdíje náà débi pé kò lè bá Bràsíl gbá ní ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà. Góòlù kan ṣoṣo, tí Pelé ọmọ ọdún 17 gbá wọlé, ni Bràsíl fi lé wọn sílé.

Ẹ bá wa sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé, bó bá jẹ́ pé aṣọ Juventus ló wọ̀ lóòótọ́, àárín 1957 sí 1962 ni wọ́n ya àwòrán náà.