Ìtọ̀ mi tutù kí wọ́n tó wò ó: ṣé iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Houston ni mo wà, iṣẹ́ tírélà ni mò ń wá. Wọ́n ní kí n lọ tọ̀ fún àyẹ̀wò oògùn olóró. Mi ò fa igbó rí, sìgá pàápàá mi ò mu. Nígbà tí mo tọ̀ tán, mo gbé ife kalẹ̀, mo ń ki ṣẹ́ẹ̀tì bọ ṣòkòtò, mo ń di bẹ́líìtì, mo tún ń gbàdúrà. Ìgbà tí mo gbé e jáde, ẹni tó gbà á wo àmì ara ife, ó ní ó ti tutù jù. Ó ní kí n tún tọ̀, ọkùnrin kan sì dúró tì mí, ó ń wò mí. Láti ọjọ́ náà, mi ò rí oorun sùn. Ṣé wọ́n á ní ìtọ̀ ẹlòmíì ni mo gbé wá?
Bàbá Ìbejì

Ìdáhùn: Bàbá Ìbejì, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo fi gba ìtọ̀ àwọn awakọ̀ níbí kí n tó di nọ́ọ̀sì. Mo ti rí gìrìpá ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n títí tí ìdajì ife fi dà sí bàtà mi.

Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fún awakọ̀ tírélà ni pé ìtọ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín 90 sí 100 Fahrenheit, ìyẹn 32 sí 38 ní Celsius. Láàárín ìṣẹ́jú 4 tí ẹ bá fà á lé wọn lọ́wọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ wò ó. Ìṣẹ́jú tí ẹ fi gbàdúrà kò sí nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n ìtọ̀ kò dúró dè yín. Mílílítà 45 tí wọ́n ń gbà kò ju ṣíbí ńlá mẹ́ta lọ. Ẹ wo bí ẹ̀kọ tí a bù fún ọmọ ṣe ń yára tutù ju ti inú ìkòkò.

Kó tutù kò túmọ̀ sí pé ẹ ti kùnà. Títọ̀ lẹ́ẹ̀kejì lójú ẹlẹ́rìí, ọkùnrin bíi tiyín, ohun tí òfin ní kí wọ́n ṣe nìyẹn, ìtọ̀ méjèèjì ló sì ń lọ sí láàbù. Mo mọ̀ pé ó ń dójú tini. Nílé wa, ọmọdé nìkan là ń dúró tì. Ṣùgbọ́n ká ní ẹ bínú jáde ni, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ì bá ti bàjẹ́: ẹni tó kọ̀ àtẹni tí wọ́n bá oògùn lára rẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n kà wọ́n sí.

Bí láàbù bá rí nǹkan, dókítà tó ń yẹ èsì wò, tí wọ́n ń pè ní MRO, á pè yín. Ẹ gbé fóònù o, bí nọ́ńbà náà tilẹ̀ ṣàjèjì. Bí dókítà yín bá ti kọ oògùn ìrora fún yín, MRO yìí ni kí ẹ sọ fún, kí ike oògùn wà nítòsí. Wọ́n ti pín ìtọ̀ yín sí ìgò méjì, mílílítà 30 àti 15. Bí èsì náà kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ní wákàtí 72 láti ní kí láàbù míì yẹ ìgò kejì wò.

Nígbà míì, ẹ gbé ife jáde ná, kí ẹ tó di bẹ́líìtì.