Ẹ Bi Wá, Ẹ Gbọ́ Èsì: "Dókítà Ní Kí N Máa Rìn, Ìgbà Wo Ni Mo Fẹ́ Rìn?"

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lẹ́tà lórí ìtọ̀ ṣúgà kún iwájú mi, mo sì ka gbogbo ẹ̀. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti mọ ohun tó yẹ kéèyàn ṣe, ẹ ti gbọ́ ọ títí etí ti kún, bí ẹ ṣe máa ṣe é lójoojúmọ́ tí ò ní já lulẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì ni wàhálà. Ibẹ̀ gan-an la máa dúró sí lónìí.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ọdún 46 ni mí. Mo ṣe tẹ́ẹ̀sì láìtíì jẹun láàárọ̀, ṣúgà mi jẹ́ 112. Dókítà ní kò tíì di ìtọ̀ ṣúgà àmọ́ ó ti ń sún mọ́ ọn, pé kí n lọ máa ṣe ẹsasáìsì kí n sì fọn díẹ̀, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì, ó parí. Mo ra bàtà eré, mo sá a fún ọjọ́ mẹ́rin, orúnkún ń dùn mí, mo fi sílẹ̀. Ó ti di oṣù mẹ́ta báyìí, ẹ̀rù ò jẹ́ kí n sùn. Ìyá ọlọ́mọ méjì.

ÈSÌ: Ìyá wa, ẹ fọkàn balẹ̀ ná. Lójú ìlànà tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà, ṣúgà tó bá wà láàárín 100 sí 125 kéèyàn tó jẹun, ẹnu ààlà ló wà, tó bá di 126 sókè, tí wọ́n tún un ṣe tó sì tún rí bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ ò tíì kọjá ààlà, èèyàn sì máa ń padà látibẹ̀, mi ò fi ìyẹn tù yín nínú lásán o.

Lọ́dún 2002, wọ́n gbé èsì ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Diabetes Prevention Program. Àwọn èèyàn 3,234 tí ṣúgà wọn ti ga àmọ́ tí kò tíì di àìsàn ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn kan ń lo metformin, oògùn tó ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, àwọn kan ń lo oògùn tí ò ní nǹkan kan nínú, àwọn tó kù ni wọ́n ní kí wọ́n dín ìwọ̀n ara wọn kù ní ìdá 7 nínú 100, kí wọ́n sì máa rìn kánmọ́kánmọ́, tàbí kí wọ́n ṣe ohun tó jọ ọ́, fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́ta, àwọn tó ń rìn tí wọ́n ń ṣọ́ oúnjẹ yìí, iye tí ìtọ̀ ṣúgà mú nínú wọn fi ìdá 58 nínú 100 kéré sí tàwọn olóògùn òfìfo. Ti metformin, 31 péré ló fi kéré. Ẹsẹ̀ àti àwo oúnjẹ ló ju oògùn lọ níbẹ̀ yẹn.

Àmọ́ apá kan wà níbẹ̀ táwọn èèyàn kì í sọ. Wọn ò kàn ní kí wọ́n lọ máa rìn. Kálukú ló ní ẹni tó ń tọ́ ọ sọ́nà, ẹ̀kọ́ 16 ni wọ́n kọ́kọ́ bá wọn ṣe, wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n jẹ sílẹ̀, wọ́n ń kọ ìṣẹ́jú tí wọ́n rìn. Torí náà ẹ má pe ara yín ní ọ̀lẹ, ìṣẹ́jú méjì ọ̀rọ̀ ò lè gbé ẹnikẹ́ni débẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe tiyín. Eré sísá, ẹ fi í sílẹ̀ jàre, orúnkún yín ti fèsì. Ìrìn ni, irú èyí tí ẹ lè sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀ àmọ́ tí ẹ ò lè kọrin. Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ yẹn, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ márùn-ún ni, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú náà sì lè jẹ́ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀mẹta. Ibi tó dára jù láti fi mẹ́wàá kan sí ni ẹ̀yìn oúnjẹ, torí ìgbà yẹn gan-an ni ṣúgà ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, iṣan ẹsẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ á sì máa fà á jáde láti fi ṣe agbára. Ẹ má sọ pé "màá máa rìn", ọ̀rọ̀ yẹn ò ní ibi tó dì mọ́. Ẹ sọ pé "tí mo bá ti gbé àwo alẹ́ kalẹ̀, bàtà ló kàn". Kí bàtà náà wà lẹ́nu ọ̀nà o, kó má sí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, torí wíwá bàtà nìkan ti tó láti mú èèyàn jókòó padà.

Ti ìwọ̀n ara, tí ẹ bá jẹ́ kílò 80, ìdá 7 yẹn ò ju nǹkan bíi kílò márùn-ún ààbọ̀ lọ, ẹ ò nílò láti di ẹlòmíì. Tí ẹ bá sì pa ọjọ́ kan jẹ, tàbí mẹ́ta, ẹ má rin ìlọ́po mẹ́ta láti fi san gbèsè, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń dá ara wọn lágara nìyẹn, ẹ kàn rin ti ọjọ́ tó kàn. Ẹ tún tẹ́ẹ̀sì yẹn ṣe nígbà tí dókítà bá dá fún yín, ó pẹ́ tán kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ ọdún 27 ni mí. Bàbá mi ní ìtọ̀ ṣúgà, ìyá wọn náà ní in. Tó bá ti wà nínú ẹ̀jẹ̀, kí ni mo tún ń yọ ara mi lẹ́nu sí?

ÈSÌ: Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gan-an. Ẹsẹ̀ kan ni wọ́n gé fún màmá mi kí àìsàn yìí tó mú wọn lọ, èmi náà sì ti jókòó rí tí mo ń ronú bó o ṣe ń ronú yìí. Òótọ́ ni pé ẹni tí òbí ẹ̀ bá ní oríṣi kejì ìtọ̀ ṣúgà, èyí tó wọ́pọ̀ jù, ewu tiẹ̀ ga ju ti ẹlòmíì lọ. (Oríṣi kìíní yàtọ̀ o, ìyẹn ni kí ara fúnra ẹ̀ máa pa ibi tó ń ṣe ínsúlíìnì, ohun tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, run, ìrìn ò lè dènà ìyẹn, kò sì sẹ́ni tó lẹ́bi ẹ̀.) Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ nìkan kọ́ là ń jogún, a máa ń jogún àwo oúnjẹ náà, iye ṣíbí ṣúgà, wákàtí tí ilé wa fi ń jókòó. Àwọn yẹn wà lọ́wọ́ ẹ.

Ní Da Qing ní Ṣáínà, láti 1986, wọ́n mú àwọn èèyàn 577 tó wà lẹ́nu ààlà, wọ́n fi ọdún mẹ́fà kọ́ àwọn kan nínú wọn ní oúnjẹ àti ìrìn, wọ́n wá ń tọpa wọn fún ọgbọ̀n ọdún. Àwọn tí wọ́n kọ́, ìtọ̀ ṣúgà fi bí ọdún mẹ́rin pẹ́ kó tó mú wọn ju àwọn tó kù lọ, àìsàn ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀ sì dín kù láàárín wọn. Ọdún mẹ́rin tí ìtọ̀ ṣúgà ò tíì fi ìyà jẹ ojú, kíndìnrín àti ẹsẹ̀, kì í ṣe nǹkan kékeré létí ọmọ tó gbé ìyá ẹ̀ lọ ọsibítù. Tó o bá ń mu sìgá, ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, ó ń dá kún un. Sọ fún dókítà pé ó wà nínú ìdílé yín, kó yẹ̀ ẹ́ wò látìsinsìnyí.

ÌBÉÈRÈ: Mo ti fi oyin rọ́pò ṣúgà, mo sì ń mu omi èso dípò mínírà. Ṣé mo ti bọ́?

ÈSÌ: Rárá o. Ṣúgà ni oyin, nínú ẹ̀jẹ̀ kò sí ìyàtọ̀ tó máa gbà yín. Omi èso náà, wọ́n ti yọ ṣákáṣàká inú èso tó ń mú kí ṣúgà rọra wọlé kúrò, ẹ jẹ èso náà fúnra ẹ̀, kí ẹ mu omi. Ẹ má sì gé adùn kúrò lóòjọ́: láti ṣíbí méjì sí ẹyọ kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ààbọ̀. Ahọ́n á kọ́ ọ.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ní ṣúgà bàbá àwọn ọmọ mi ti ń ga. Mo wá ń se oúnjẹ tiwọn lọ́tọ̀, mo ń ṣọ́ wọn, wọ́n bínú pé mo ti sọ àwọn di aláìsàn nínú ilé àwọn. Kí ni kí n ṣe?

ÈSÌ: Ìkòkò ọ̀tọ̀ yẹn ló bí wọn nínú, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Ẹ kó o kúrò. Oúnjẹ kan náà ni kí gbogbo ilé jẹ, ohun tó dáa fún wọn dáa fáwọn ọmọ náà. Àwo ni kí ẹ tún tò: ìdajì ẹ̀ ẹ̀fọ́, ìdá kan nínú mẹ́rin oúnjẹ tó ń fúnni lágbára, ìdá kan tó kù ẹran, ẹja tàbí ẹ̀wà. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé torí ẹnì kan ni. Ohun aládùn tí ẹ ò fẹ́ kí wọ́n mu, ẹ má rà á wọlé, torí tó bá ti wà nínú fíríìjì, aago mẹ́sàn-án alẹ́ á dé, ìjà á sì dé. Ẹ má ka ohun tí wọ́n ń jẹ sí wọn létí mọ́. Ẹ bi wọ́n léèrè èwo ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti yí padà, ọ̀kan péré, kí wọ́n fúnra wọn mú un. Ká ní ìrìn alẹ́ ni wọ́n mú, ẹ tẹ̀ lé wọn, ẹ má sọ̀rọ̀ ṣúgà lójú ọ̀nà, ẹ sọ̀rọ̀ míì.

Ẹ̀yin náà ńkọ́, màmá? Lẹ́tà yín gùn dáadáa, mi ò rí i níbì kankan pé ẹ ti ṣe tẹ́ẹ̀sì tiyín rí, bẹ́ẹ̀ ẹ ní ẹ ti jọ ń jẹun látinú ìkòkò kan náà fún ogún ọdún kí èyí tó dé. Tí wọ́n bá ń padà lọ yẹ tiwọn wò, ẹ jọ lọ lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ má tíì jẹun.