Ìlú ń fẹ̀, oko ń tán: ṣé kò sọ́nà àbáyọ ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Oko bàbá wa ti wà lẹ́yìn ìlú tipẹ́, àmọ́ ilé ti fẹ́ẹ̀ yí i ká tán báyìí, lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo rí òpó kọnkéré kékeré táwọn tó ń wọn ilẹ̀ rì sáàárín ebè. Àbúrò mi ní ká tà á, pé àwọn èèyàn ò ríbi gbé, mi ò sì lè ní irọ́ ló ń pa. Ṣé ìlú ò lè dàgbà kó má jẹ oko ni?

ÌDÁHÙN: Ó lè ṣeé ṣe, tí wọ́n bá tètè pààlà. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé tẹ́ ẹ bá wólé ẹ lè tún un kọ́, àmọ́ erùpẹ̀ dúdú tó wà lókè ilẹ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ló fi ń ki tó ìka kan péré, katapílà á sì wọ́ ọ dànù láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n á da kọnkéré lé ìyókù, òjò ò níí ríbi wọlẹ̀ mọ́, ó di àgbàrá nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ibi tó tẹ́jú tó sì lọ́ràá gan-an lojú àwọn kọ́lékọ́lé máa ń kọ́kọ́ lọ.

Ní ìpínlẹ̀ Oregon l'Amẹ́ríkà, òfin 1973 ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan pààlà yí ara ẹ̀ ká, ti ìlú Portland níbẹ̀ jáde ní 1979. Inú ààlà ni kí wọ́n ti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí wọ́n lo ilẹ̀ tó ṣófo, ẹ̀yìn ẹ̀ wá di toko. Kì í ṣe pé wọ́n há ìlú mọ́ o, òfin ní ilẹ̀ ilé inú ẹ̀ gbọ́dọ̀ tó fún 20 ọdún, torí tí ààlà bá wà tílé ò pọ̀ nínú ẹ̀, owó ilé á lé sókè ni, àbúrò yín á sì jàre.

Àgbẹ̀ náà ńkọ́, ṣé òun nìkan lá máa jìyà ẹ̀? Rárá. Ní Montgomery County, ní ìpínlẹ̀ Maryland l'Amẹ́ríkà kan náà, láti 1980 làgbẹ̀ ti lè ta ẹ̀tọ́ àtikọ́lé sórí oko ẹ̀ fún ẹni tó ń kọ́lé láàárín ìlú, oníyẹn á fi kọ́ ju iye tí wọ́n gbà á láyè tẹ́lẹ̀, àgbẹ̀ gbowó, ilẹ̀ ṣì jẹ́ tiẹ̀, oko ló sì máa jẹ́ títí. Èyí wù mí gan-an.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé kankan, ẹ lọ sọ́fíìsì tó ń rí sí ètò ilẹ̀, ẹ̀yin àtàbúrò yín àtàwọn tẹ́ ẹ jọ ń dáko níbẹ̀, kí wọ́n gbé máàpù jáde, kẹ́ ẹ bi wọ́n ta ló rì òpó yẹn, àti ṣé títì ń bọ̀ níbẹ̀. Tí wọ́n bá ti la títì, ọ̀rọ̀ máa ń le.