Imí Erin Igbó Ọmọ

Ìbéèrè (láti Ìjẹ̀bú-Òde): Ẹ̀yin olóòtú wa, oko ti dí ọ̀nà àwọn erin Igbó Ọmọ. Báwo la ṣe lè mọ̀ bóyá ẹbí ń gun ẹbí, láìmú erin kankan?

Ìdáhùn: Imí wọn ni kí ẹ wá. Ara òde rẹ̀ tó ń dán ló ń fara ha ògiri ìfun, ibẹ̀ sì ni DNA erin wà, ìyẹn àbùdá tí ọmọ jogún lára ìyá àti bàbá, tó ń fi àwọn tó jẹ́ ẹbí hàn. Ewéko ló kún inú rẹ̀. Ẹ fi igi mímọ́ ha ìwọ̀n orí àtàǹpàkò lára òde náà, ẹ rì í sínú ethanol (ọtí líle tí kì í jẹ́ kí DNA bàjẹ́) tó tó ìlọ́po 4 rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ ní òkìtì kọ̀ọ̀kan, kí DNA erin 2 má baà dàpọ̀. Èyí tí òjò tàbí oòrùn ti pa, ẹ fi í sílẹ̀: DNA rẹ̀ ti já wẹ́wẹ́. Ó ń dùn wá gan-an pé nínú agbo kékeré tó dá wà, bí erin 1 bá kú láìbímọ, àbùdá tí òun nìkan ní bá a lọ nìyẹn.