Oògùn wo ló lè jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ lórí ibùsùn?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 38 ni mí, ó sì ti pé ọdún 9 tí mo gbéyàwó. Ní oṣù 5 sẹ́yìn, nǹkan ọmọkùnrin mi ṣàdédé rọ̀ nígbà tí a fẹ́ bá ara wa lò pọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Mo máa ń tẹ fóònù títí ìyàwó mi á fi sùn lọ. Ó ti wá ń sọ pé mo ní obìnrin níta. Oògùn wo ni kí n lò?

Ìdáhùn: Irú ìbéèrè yìí kì í wọ́n lọ́wọ́ mi, orí oògùn ni gbogbo rẹ̀ sì máa ń parí sí. Ẹ jẹ́ kí èmi náà bi yín léèrè ná: tí ẹ bá jí láàárọ̀, ṣé ó máa ń dìde? Tó bá ń dìde dáadáa, ẹ̀jẹ̀ àti iṣan yín ń ṣiṣẹ́ wọn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀rù yẹn gan-an ni àìsàn náà.

Wọ́n ti fi yé yín pé agbára ló ń bí ìgboyà: kó kọ́kọ́ le bí irin, kó pẹ́, ìgbà yẹn lọkàn ó tó balẹ̀. Irọ́ ni. Ìbàlẹ̀ ọkàn ló ń ṣáájú. Bí ẹ̀rù bá ba èèyàn, ara á tú èròjà kan tó ń jẹ́ adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń múra wa sílẹ̀ láti jà tàbí láti sá. Òpójẹ̀ á fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó ya wọ nǹkan ọmọkùnrin ò ní ráyè wọlé. Ìyàwó gbọ́wọ́ lé yín láyà, dípò kí ẹ gbádùn ọwọ́ náà, ẹ ti ń ṣọ́ ìsàlẹ̀: ṣé ó ti ń le? Ṣé kò ní rọ̀? Kò sí ara tó lè yá lábẹ́ irú ìṣọ́ bẹ́ẹ̀.

Inú máa ń bí mi sí àwọn tó ń polówó oògùn ale tó ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2005, tọkọtaya 500 ní orílẹ̀-èdè 5 fi aago ka àkókò wọn láti ìgbà tí ọkùnrin bá ti wọlé títí dìgbà tí yóò dà. Iye tó bọ́ sí agbedeméjì jẹ́ ìṣẹ́jú 5 àti díẹ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni ìwọlé nìkan kò sì lè tẹ́ lọ́rùn bó ti wù kó pẹ́ tó, nítorí pé ibi kékeré tó wà lókè ẹnu ojú ara wọn ni adùn pọ̀ sí jù. Viagra fúnra rẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ bí ara kò bá kọ́kọ́ fẹ́. Ẹni tó ń lo oògùn ọkàn tí wọ́n ń pè ní nitrate tó bá gbé e mì lè kú. Wọ́n sì ti bá èròjà Viagra yìí kan náà nínú ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ní ewé àti egbò lásán ni.

N kò tíì yẹ̀ yín wò o, ẹ má fi èyí rọ́pò dókítà. Bí kò bá ń dìde láàárọ̀ mọ́, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ kíákíá. Òpójẹ̀ ibẹ̀ tín-ín-rín ju ti ọkàn lọ, nítorí náà ibẹ̀ ni àrùn ọkàn lè ti kọ́kọ́ fojú hàn.

Ó ku ìyàwó yín. Alẹ́ kan péré ni ara yín kọ̀, oṣù 5 ni ẹ fi kẹ̀yìn sí i. Ó ṣeé ṣe kó ti máa wo ara rẹ̀ nínú dígí, kó máa wá ohun tó ti bàjẹ́ lára rẹ̀. Ẹ jókòó tì í ní ọ̀sán, kí ẹ sọ fún un pé: “Ẹ̀rù ló ń bà mí, mo ṣì fẹ́ ọ.” Kí ẹ jọ fẹnu kò pé fún ọ̀sẹ̀ 2, kò ní sí ìwọlé rárá. Ẹ kàn máa fọwọ́ kan ara yín, ẹ fi ọmú àti abẹ́ sílẹ̀ ná, kí oníkálukú máa sọ ibi tó dùn mọ́ ọn. Masters àti Johnson, àwọn olùwádìí ará Amẹ́ríkà, ló dá ọ̀nà yìí sílẹ̀, a ṣì ń lò ó títí dòní. Bó bá dìde, ẹ fi sílẹ̀. Bó bá rọ̀, ẹ fi sílẹ̀.

Fóònù yẹn, yàrá kejì ni kó sùn lálẹ́ òní.