80 km lórí kẹ̀kẹ́: ìdí ẹ ló máa kọ́kọ́ sunkún, ẹsẹ̀ á tẹ̀ lé e

Àbúrò, o ní o ní ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta, o fẹ́ fi ọjọ́ kan níbẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ ológeere wọ ìgbèríko, 80 km, bẹ́ẹ̀ ìwọ ò tíì gùn ju 25 lọ rí, o wá ń bi àwa tá a ti pẹ́ lórí ẹ̀ pé ṣé ẹsẹ̀ ẹ á gbà á. Á gbà á. Ẹni tó bá ń gun 25 láìmí hẹlẹhẹlẹ lè gun 80 tó bá rọra ń lọ. Ohun tó ń dá èèyàn padà lójú ọ̀nà ni ìdí, ọwọ́ àti ebi, mo ti rí àwọn tí itan wọn ki pọ̀pọ̀ tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí wọn ò lè jókòó mọ́, wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ lọ.

Jẹ́ ká tibi ìdí bẹ̀rẹ̀. Síìtì tó rọ̀ bíi tìmùtìmù ló máa ń wu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, o tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ó ń wọlé, o ní ehn, èyí ló máa tù mí lára. Fún ìdajì wákàtí ó dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n tó bá ti ń di wákàtí méjì, egungun ìdí ẹ méjèèjì á ti rì sínú ẹ̀, fóòmù yẹn á wá máa tì ẹ́ láàárín itan níbi tí iṣan àti ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, kó o tó mọ̀ gbogbo ibẹ̀ á ti kú tìpiri. Èyí tó le díẹ̀ ni kó o lò, tó fẹ̀ débi tí egungun ìdí ẹ méjèèjì á fi jókòó lé e dáadáa. Ra ṣòkòtò kẹ̀kẹ́ tó ní fóòmù nídìí, má sì wọ pátá sábẹ́ ẹ̀, mo mọ̀ pé ojú máa ń ti àwọn kan tí mo bá sọ ọ́, ṣùgbọ́n ojú rírán pátá yẹn gan-an ló ń ha èèyàn lára títí á fi bó. Kó o sì máa dìde dúró lórí pẹ́dà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ̀jẹ̀ lè rìn, má dúró dìgbà tó bá ń dùn ẹ́.

Bí síìtì ṣe ga tó náà wà níbẹ̀. Gun orí kẹ̀kẹ́, fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dà níbi tó ti wálẹ̀ jù, ẹsẹ̀ ẹ yẹ kó nà tán, tó o bá wá fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, orúnkún á tẹ̀ díẹ̀. Tí iwájú orúnkún bá ń dùn ẹ́, ó ṣeé ṣe kí síìtì ti wálẹ̀ jù, tó bá jẹ́ ẹ̀yìn orúnkún, ó ti ga jù nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni kó o máa yí i, mílímítà bíi 5 lẹ́ẹ̀kan, kó o sì ti yí i tán kí ọjọ́ ìrìn tó pé.

Ọwọ́ ò gba àlàyé púpọ̀: tí ọmọńdinrín àti ìka tó tẹ̀ lé e bá ń kú, o ti gbé ara lé hándù jù, tẹ ìgunpá ẹ díẹ̀, máa pààrọ̀ ibi tó o dì mú.

Ebi wá ni ọ̀gá gbogbo wọn. Ebi orí kẹ̀kẹ́ kì í kan ilẹ̀kùn. Ẹnì kan wà tá a jọ ń lọ, kò fẹ́ jẹun láàárọ̀, ó ní òun máa jẹ tá a bá dé. Nígbà tó kù díẹ̀ ká débẹ̀, ní òkè kékeré kan báyìí tí ọmọdé á gùn, ẹsẹ̀ ẹ̀ kàn yọ̀ kúrò lórí pẹ́dà, ó sọ̀kalẹ̀, ojú ẹ̀ ṣú, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, inú ń bí i sí wa. Mo fún un ní bísíkíìtì, kò lè ya ọ̀rá ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, eyín ni mo fi ya á fún un. Ó jẹ ẹ́ tán, ó mu nǹkan dídùn lé e, ó jókòó pẹ́ díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàwàdà. Ṣúgà tí ara tọ́jú sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ ló tán, téèyàn bá ń tẹ̀ ẹ́ gidi kì í fi bẹ́ẹ̀ ju wákàtí méjì lọ. Torí náà, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun kí wákàtí àkọ́kọ́ tó pé, ọ̀gẹ̀dẹ̀, búrẹ́dì, ohunkóhun tó ń fúnni lágbára tí inú ẹ gbà, kí kábọ̀háídíréètì inú ẹ̀, ìyẹn èròjà tó ń fúnni lágbára, tó gíráàmù 30 sí 60 ní wákàtí kan. Omi náà, bíi ìdajì lítà ní wákàtí kan, tí oòrùn bá mú ó máa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Má ka kìlómítà, wákàtí ni kó o kà. Lórí títì tó dáa, ẹni tó ń ṣe jẹ́ẹ́jẹ́ á máa sá bíi 16 km ní wákàtí, 80 km ti di wákàtí 5 lórí síìtì nìyẹn, fi ìsinmi, fọ́tò àti ọ̀nà ṣíṣì kún un, ó di 7. Tí ọ̀nà bá jẹ́ oníyẹ̀pẹ̀ tàbí olókè, gbàgbé 16 yẹn. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni kó o gbéra. Wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kì í ṣe òjò nìkan, kó o jẹ́ kó máa kọjú sí ẹ ní àlọ nígbà tí agbára ṣì wà, torí afẹ́fẹ́ tó ń tì ẹ́ lẹ́yìn, o ò ní mọ̀ pé ó wà, o kàn máa rò pé ara ẹ le lónìí ni, ìgbà tó o bá yí padà lo máa tó gbọ́.

Táyà tó gún ńkọ́? Mú tíúbù méjì, pọ́ǹpù, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ṣí táyà, kó o sì ti fi dánra wò nílé. Tó bá jẹ́ tẹ̀yìn, yí ṣéènì sórí irin eléyín tó kéré jù lẹ́yìn kó o tó yọ wíìlì, ó máa ń rọrùn láti dá a padà. Kó o tó ki tíúbù tuntun bọ̀ ọ́, fi ìka ra inú táyà yẹn yíká, rọra o, ẹ̀gún tàbí wáyà tó gún un lè ṣì wà níbẹ̀, tó o bá fi sílẹ̀ á tún gún èyí tuntun kó o tó rìn jìnnà.

Ọjọ́ kejì ìsinmi ẹ ni kó o fi sí. Ọjọ́ àkọ́kọ́, sinmi, sùn, gun kékeré kan kó o fi mọ̀ bóyá nǹkan kan ń dún nínú kẹ̀kẹ́ yẹn. Ọjọ́ kẹta, má gba iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àtẹ̀gùn gan-an á nira fún ẹ láti sọ̀.